Ta Ló Ni Rúlà Tí A Fi Ń Wọn Ojú?

Òfin mẹ́ta kan wà tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mékọ́ọ̀pù ní Sábó máa ń há sórí kí ọ̀gá wọn tó gbà kí wọ́n fọwọ́ kan ojú oníbàárà. Kí n tó ka òfin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ pé orúkọ kan ṣoṣo ni èdè wa fún ojú tí à ń fi ríran àti ojú tí à ń fọ̀ láàárọ̀. Màá máa pe èyí tí à ń fi ríran ní ẹyinjú, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú.

Òfin kìíní ni pé ojú pín sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba: láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ẹyinjú, láti ibẹ̀ dé ìdí imú, láti ìdí imú dé àgbọ̀n. Èkejì ni pé láti ẹ̀gbẹ́ ojú kan dé ìkejì, ó yẹ kí àyè gba ẹyinjú márùn-ún bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ìdí tí mo fi kọ àròkọ yìí, ni pé fífẹ̀ imú kò gbọdọ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì lọ.

Sábó tí mò ń wí ni Sábó ti Yábà, tí títì Herbert Macaulay gbà kọjá, tí kò jìnnà sí Yabatech tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Inú ọ̀rọ̀ Haúsá, *sabon gari*, èyí tó túmọ̀ sí ìlú tuntun, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àbúrò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù mékọ́ọ̀pù níbẹ̀. Àwòrán kan wà lára ògiri rẹ̀ tí wọ́n fa ìlà òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sí lójú. Ojú obìnrin òyìnbó ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àǹtí mi ń fi pánkéèkì dúdú pa ẹ̀gbẹ́ imú àwọn ìyàwó tuntun, kí imú wọn lè dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ayẹyẹ bá parí, wọ́n á fọ ojú, imú á sì padà sí bó ṣe wà. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn.

Ohun tó sọ ọ́ di wàhálà nílé wa ni pé Sístà Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń dá àjọ láti ọdún tó kọjá kó lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ imú. Ó fẹ́ kí imú òun bá òfin kẹta mu títí láé. Àtíkè ṣeé fọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n abẹ kò ṣeé fọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ni rúlà náà, ojú ta ló sì fi ṣe é.

Òfin kìíní kò ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn wá rárá. Vitruvius, ará Róòmù kan tó ń yàwòrán ilé, ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìkọ́lé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ohun tó ń sọ ni pé ó yẹ kí ilé òrìṣà ní ìwọ̀n tó bára mu gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn ti ní in. Leonardo da Vinci tún un gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1490 nínú àwòrán ọkùnrin tó na apá àti ẹsẹ̀ sínú òbìrí, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, kọ odidi ìwé mẹ́rin lórí ìwọ̀n ara ènìyàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1528, ọdún tó kú. Ẹ̀gbọ́n ni Dürer jẹ́ lójú tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sọ pé irú ara kan ṣoṣo ló dára. Ó wọn àwọn tó sanra, ó wọn àwọn tó tín-ín-rín, ó sì fi hàn bí ojú ṣe lè yàtọ̀ síra. Ní 1521, nígbà tó wà ní ìlú Antwerp, ó ya obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Katharina, kò sì tún imú rẹ̀ ṣe fún un.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní sùúrù tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Petrus Camper, dókítà ará Holland, wá ọ̀nà láti fi igun wọn orí. Ó fa ìlà kan láti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ sí ètè òkè, ó fa òmíràn láti etí dé ìdí imú, ó sì ń wo igun tí ìlà méjèèjì ṣe. Ó ní ti ènìyàn dúdú tó nǹkan bí ìwọ̀n 70, ti òyìnbó tó 80, ti ère àwọn Gíríìkì sì lè tó 100. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: ère ló wà lókè àtẹ̀gùn náà. Òyìnbó fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Camper gbà pé orísun kan náà ni ènìyàn dúdú àti ènìyàn funfun ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1791, àwọn mìíràn mú igun yẹn, wọ́n sì fi to ìran ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi àwa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bọ. Bí rúlà ayàwòrán ṣe di pàṣán lọ́wọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ó rọrùn láti rò pé àwọn baba ńlá wa kò wọn ojú rárá, pé bí Ọlọ́run bá ti dá ẹni ni wọ́n ṣe ń gbà á. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà níbi tó ti ń wẹ ọmọ tuntun á mọ̀. Omi gbígbóná wà nínú abọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ọmọ kó lè rí roboto, ó ń fi ìka méjì fa imú rẹ̀ sókè, ọmọ ń ké, ìyá ọmọ ń wojú ìyá ọkọ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wẹ èmi náà. Ìtọ́jú ẹwà ojú ni, ó kàn jẹ́ pé a kò fún un ní orúkọ ńlá.

Ẹ tún wo èjí. Àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú méjèèjì jẹ́ ohun tí dókítà eyín ń fi wáyà fà pọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó ní i kì í fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn tí a kò bí i mọ́ a sì lọ pa èjí kí tirẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ìlà tó yí ọrùn ká. Ilé ìṣaralóge ìgbàlódé ní abẹ́rẹ́ fún pípa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹwà ni àwọn àgbà wa kà á sí, àwọn tó ṣe orí idẹ ní Ifẹ̀ sì fín in sí ọrùn iṣẹ́ wọn. Ohun kan náà lára ènìyàn kan náà. Bí o bá yí rúlà padà, àléébù á di iyì.

Ní ti àwọn oníṣẹ́ ọnà, ìwọ̀n wọn kò fara pamọ́. Orí ère igi Yorùbá sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn gbogbo ara, nígbà tó jẹ́ pé orí ènìyàn tó ti dàgbà jẹ́ ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kò mọ̀ ọ́n wò. Orí ni ibùjókòó ìpín ẹni, nítorí náà òun ni ó gba àyè jù lọ. Ìpele iṣẹ́ wọn ní orúkọ: ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń gé igi sí ìrísí, àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń tún ìwọ̀n náà ṣe, lẹ́yìn náà dídán àti fífín. Ìgbà fífín ni ẹyinjú, irun àti ilà tó ń jáde kedere, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n sì ti tún un ṣe. Irú ìlànà yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tó kú ní 2009, jogún nílé baba rẹ̀, tó sì tún kọ́ lọ́dọ̀ Bámidélé Arówóògùn ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára, ó sì tẹ ohun tó gbọ́ jáde ní 1973. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù, kó má sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá.

Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin, kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Wọ́n tún rí òmíràn, wọ́n tún rí òmíràn, títí wọ́n fi lé ní mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ènìyàn gan-an. Imú wọn fẹ̀ níwọ̀n, ètè wọn kún, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lójú àwọn kan láti òkè dé àgbọ̀n, nígbà tí ojú àwọn mìíràn ń dán. Ọdún 28 ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti dé Ifẹ̀, ó rí irú iṣẹ́ yìí, ó sì sọ fún ayé pé àwọn Gíríìkì tó sọnù ní ilẹ̀ Atlantis ló ṣe é. Kò lè gbà pé ojú tó bára mu tó báyẹn lè ti ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde. Rúlà tí wọ́n fi ère Gíríìkì ṣe ló wà lọ́pọlọ rẹ̀, ohunkóhun tó bá ti dọ́gba, ti Gíríìkì ni. Ẹni tó wà ní Sábó tó fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kò nílò ìwé ìrìnnà: kó wọ mọ́tò lọ sí Oníkan, ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1957.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn fún òfin kẹta, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà gan-an ni. Leslie Farkas, tó ṣiṣẹ́ ní Toronto ní Kánádà, fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ojú ènìyàn. Ní 1985, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn òfin àtijọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì fi wọn ojú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ní Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ọ̀pọ̀ òfin náà ni kò bá ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn mu. Àwọn tó ni rúlà, rúlà náà kò bá wọn mu! Ní 2000, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì hàn pé imú wọn sábà máa ń fẹ̀ ju àlàfo àárín ẹyinjú wọn lọ. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe àṣìṣe. Bí imú náà ṣe rí nìyẹn.

Mo mú rúlà inú àpótí ìṣirò mi, mo wọn tèmi, mo wọn ti ìyá mi, mo sì bẹ màmá àgbà títí ó fi jẹ́ kí n wọn tirẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rú òfin kẹta. Màmá ní kí n gbé irin mi kúrò lójú òun.

Nígbà tí mo kà á fún Sístà Bísí, ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn ni pé òun kò dá wà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bí gbogbo wa bá rí bẹ́ẹ̀ náà, èmi ṣì fẹ́ kó kéré." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó ti pé ọmọ ọdún 23. Ohun tó kù ni kí ó mọ ohun tó fẹ́ rà. Ojú dà bí agboolé. Bí a bá wó yàrá kan, ìrísí gbogbo ilé yí padà. Imú tí a gé di tẹ́ẹ́rẹ́ lè mú kí ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà bí èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà mìíràn, ẹni tó ń rò pé imú òun ga jù, àgbọ̀n rẹ̀ ló kéré, dókítà tó mọṣẹ́ á sì fi hàn án nínú dígí tí a fi ń wo ẹ̀gbẹ́. Awọ imú tiwa sábà máa ń nípọn ju ti òyìnbó lọ, nítorí náà gígé egungun inú rẹ̀ dànù gẹ́gẹ́ bí ìwé òyìnbó ti wí kì í sábà mú kó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ kó wó lulẹ̀, kí mímí sì ṣòro. Àpá tó máa ń wú sókè kọjá ojú egbò wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kún imú láìlo abẹ, tí àwọn kan ń polówó pé kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, lè burú jù bẹ́ẹ̀: bí oògùn náà bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹyinjú, ó lè fọ́ ènìyàn lójú. Ẹni tí kò bá sí lórí ìwé àwọn dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí kò ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀.

Kò jìnnà sí Sábó ni Igbóbì wà, ilé ìwòsàn egungun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì, tó sì di ilé ìwòsàn gbogbo ènìyàn ní 1945. Wọ́n ń tọ́jú àwọn tí iná jó níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ àtúnṣe. Ogun àgbáyé kìíní ló bí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òyìnbó. Harold Gillies, ọmọ New Zealand, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú àwọn ọmọ ogun ṣe ní Sidcup, lẹ́bàá London, ní 1917. Àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 5,000. Henry Tonks, dókítà tó tún jẹ́ ayàwòrán, ló ń ya ojú wọn. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà, nítorí kò sí ẹni tó ń wá ojú Gíríìkì nínú wọn. Ojú tí ọmọ ogun náà gbé kúrò nílé ni wọ́n ń wá fún un.

Màmá àgbà kọ pélé. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, kọ ìwọ̀n àwọn ilà sílẹ̀: pélé jẹ́ ìlà kúkúrú mẹ́ta lóòró lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ínṣì kan, àbàjà jẹ́ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìbú, gọ̀ǹbọ́ gba gbogbo àyè láti etí dé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìbàmú sì dábùú láti orí imú wá. Olóólà kò lo rúlà, síbẹ̀ ó mọ ibi tí egungun wà lábẹ́ awọ ọmọ ọlọ́jọ́ mélòó kan. Èmi kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ilà o. Wọn kò bi ọmọ náà kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò sì gbà á láàyè mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n olóólà a máa béèrè ohun kan kó tó mú abẹ: ọmọ ta ni?

Ní oṣù tó kọjá, Sístà Bísí lọ rí dókítà kan. Dókítà náà wọn ojú rẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kò sì dá iye kankan lé e. Ó ní kí ó lọ mú àwòrán ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ wá, nígbà tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ wà lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, àwòrán tirẹ̀ sì wà nínú àpótí màmá àgbà. Ó lọ gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Màmá nu eruku orí rẹ̀, ó wò ó, ó tún wo Bísí.

"Ìwọ náà wò ó," ni ó wí. "Ibo lo rò pé o ti rí tìrẹ?"

Dókítà ti fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá. Àwòrán náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, owó àjọ náà ṣì wà lọ́wọ́ alájọ.